Bàbà Tí À Ń Tà Ní Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, Tí À Ń Rà Padà Ní Wáyà

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèihò dé Kìṣí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Òtu, Ìwéré-Ilé àti gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ bàbà la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe bàbá tó bí ọmọ, kì í sì í ṣe ọkà bàbà tó wà lóko yín. Bàbà tí à ń wí ni irin pupa tó wà nínú wáyà iná. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, kó ní sùúrù díẹ̀, kó kà á dé ìsàlẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó gbọ́ ohùn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ní àdúgbò. Ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọmọlanke rẹ̀, ó ń ké kiri: ẹ mú irin tó bàjẹ́ wá, ẹ mú bátìrì tó ti kú wá, ẹ mú fáànù tó ti jóná wá. Ìyá àgbà á wọ yàrá lọ, á gbé fáànù jáde, owó ẹ̀kọ mímu ni wọ́n á kà lé e lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù á wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á fọ́ ara fáànù náà, á tú kọ́ìlì inú rẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ wáyà tó ní ike lára ni, á dáná sun ún, èéfín dúdú á gba àdúgbò kan, bàbà pupa á sì yọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á dì í sínú àpò, ọkọ̀ á gbé e gba Ìbàdàn lọ sí Èkó, òmíràn á ti Èkó gba orí òkun lọ. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ọmọ ìyá àgbà kan náà á lọ sọ́jà, á ra wáyà sóláà mítà mẹ́wàá péré, owó tó máa san á ju owó fáànù márùn-ún tí ìyá rẹ̀ tà lọ.

A ò bá oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù jà o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò sì jalè. Àwa tí à ń ṣe òṣèlú la fẹ́ bá jà, àti ẹgbẹ́ tiwa pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wa tó ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ló dé tí bàbà fi ń jáde ní Òkè-Ògùn ní páńtí, tó sì ń padà wọlé ní ọjà olówó iyebíye, tí ọwọ́ ọmọ Òkè-Ògùn kankan kò fi kàn án láàárín.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà lójú wa. Ní May 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Láti ìgbà náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ" ti di ẹrù fún ẹni tó ni ín. Iná Nẹ́pà, bí a ṣe ṣì ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láti 2013, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe wá ní apá ibí. Abúlé wà tó ti ju ọdún mélòó kan lọ tí òpó iná wà níbẹ̀ tí àwọn ẹyẹ nìkan ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí sóláà fi wá pọ̀ bí olú. Ẹ gun orí òkè kí ẹ bojú wo àwọn òrùlé páànù ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀bù telọ̀, ilé ìtajà oògùn, ilé ẹni tó ń tọ́jú omi tútù fún títà. Oòrùn ọ̀dàn wa yìí tí a máa ń bú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti di ohun tó ń tanná.

Ṣùgbọ́n oòrùn kò lè dá dé inú gílóòbù. Bàbà ló ń gbé e rìn. Ẹ wo ojú páńẹ́ẹ̀lì dáadáa, ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán. Ríbọ́ọ̀nù bàbà tí wọ́n fi tánganran bò lára ló wà níbẹ̀, òun ló ń kó iná jọ láti ara sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Wáyà tó ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀, bàbà ni. Wáyà ńlá tó so bátìrì mọ́ ínfátà, bàbà ni. Imú wáyà náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní lọ́ọ̀gì, tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí bátìrì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, bàbà ni. Ọ̀pá pẹlẹbẹ tí iná ti ń pínyà nínú àpótí, bàbà ni. Kọ́ìlì inú ínfátà, bàbà ni. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga tí wọ́n fi sóláà gbé, bàbà ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí àrá má baà jó ilé, bàbà ló wà lára rẹ̀. Àjọ àgbáyé tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ agbára, ìyẹn IEA, sọ pé sóláà mẹ́gáwáàtì 1 ń gba bàbà tó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 3. Ẹ fi pín sí ilé kọ̀ọ̀kan: ilé tó ní sóláà kílówáàtì 1 ti ní bàbà bíi kílò 3 lórí rẹ̀ àti nínú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bàbà? Nítorí pé bí a bá yọ fàdákà kúrò, kò sí irin kan tí iná ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tó o. Alumíníọ̀mù ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún agbára bàbà ló ní, nítorí náà wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn ju ti bàbà lọ kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ibí yìí gan-an ni oníjìbìtì ti rí àyè. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ ìyà rẹ̀. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, a dá owó jọ láàárín ara wa, a fi sóláà sí yàrá tí a ti ń ṣe ìpàdé. Èmi ni wọ́n rán lọ ra wáyà. Mo yan èyí tó rọjú, mo sì ń yọ̀ pé mo ti bá ẹgbẹ́ dín owó kù. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí a ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́, òórùn ike jíjó gba inú yàrá. Àwọn kan rò pé àwọn alátakò wa ló ti dé, ẹnì kan tilẹ̀ ti gba ojú fèrèsé jáde. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti ínfátà ló gbóná tó ń yọ́. Ọlọ́run ló yọ wá. Bí oníṣẹ́ iná ṣe fi ọ̀bẹ họ wáyà náà, funfun ni inú rẹ̀: alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lára bí ẹni fi àtíkè pa ojú. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní òun náà rà á bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ibi tí mo lè gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní gbogbo Òkè-Ògùn. Mo gba kádàrá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra wáyà fún ẹ̀rọ ata, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ họ okùn kan nínú rẹ̀. Tó bá pupa wọnú, ó dára. Tó bá funfun, ẹ dá a padà. Ẹ tún gbé e lọ́wọ́ wò: bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lé. Wáyà tó tóbi lójú tó fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè. Kí ẹ sì wo ara rẹ̀ bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti òǹtẹ̀ àjọ SON wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ náà pẹ̀lú.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé kì í ṣe pé Nàìjíríà kò mọ wáyà ṣe. Àfi bí ẹ bá fẹ́ tan ara yín, ẹ bi oníṣẹ́ iná tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, á sọ fún yín pé wáyà Nàìjíríà ló dára jù lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ Coleman, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Arẹ́pò àti Ṣágámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó ń ṣe kébù ńlá àti kékeré. Cutix wà ní Nnewi láti 1982, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ ilẹ̀ Ìgbò dá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, tí kò sì kó o lọ sí Èkó kó tó dàgbà. Nnewi kì í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ kankan o. Ìlú tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ni. Kí ni Nnewi fi ju Ṣakí lọ?

Àwa náà ní tiwa rí. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Ìbàdàn mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Wáyà-àti-Kébù ní Apáta. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ abúlé. Nigerian Wire and Cable ni wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, Odù'a tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ Yorùbá sì ní ìpín nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn èrò ọkọ̀ báyìí ni orúkọ: "Wáyà ń bọ̀ o!" Èrò á bọ́ sílẹ̀, á máa lọ ilé rẹ̀. Ìjọba kan wọlé, òmíràn jáde, ológun àti alágbádá, wọ́n ń wò ó.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ibo lẹ ti rí bàbà wà? Ṣé ó wà lábẹ́ òkè Àsábàrí ni?" A ò ní purọ́ ìbò fún yín. Bàbà tí à ń sọ kì í ṣe èyí tí a ó wà nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ Chile ló ń wa bàbà jù láyé, Kóńgò ti Kinshasa sì ti di igbá kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní Kóńgò bóyá iná wà ní abúlé tí wọ́n ti ń wà á. Zambia mọ èyí ní tirẹ̀. Ilẹ̀ náà gba òmìnira ní 1964, bàbà ló fi ń jẹun, síbẹ̀ bàbà rẹ̀ ń lọ sókè òkun bí ọkọ̀ ṣe ń gbé e. Ní 1968 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Luanshya, ZAMEFA, láti máa fa díẹ̀ nínú bàbà náà sí wáyà nílé. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wà. Nítorí náà, kí bàbà wà lábẹ́ ilẹ̀ ẹni kò sọ ẹni di oníwáyà, kí ó má sì sí níbẹ̀ kò ní kí èèyàn má ṣe wáyà.

Ẹ wo Ìsẹ́yìn. Ibo ni òwú dídán tí wọ́n ń fi hun aṣọ òkè ti ń wá? Ọjà la ti ń rà á, ilé-iṣẹ́ tó jìnnà ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń fi oníṣòwò ránṣẹ́ sí. Ọwọ́ ahunṣọ ló sọ òwú di aṣọ, ọwọ́ ahunṣọ ni owó sì ń dúró sí. Ẹ tún wo ìdàkejì rẹ̀, ìyẹn tábà. Àwọn bàbá wa gbìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ ń gbé e lọ, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wé sìgá. Owó oko ló dúró sọ́dọ̀ wa, owó ilé-iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Bí bàbà ṣe ń ṣe wá lónìí nìyẹn, àfi pé ti bàbà tilẹ̀ burú jù, nítorí páńtí là ń pè é.

Wàyí o, kí ni Ṣakí lè ṣe? Ìlú Ògún ni. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni ẹwìrì ti ń fẹ́ níbẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ń rọ ọkọ́ àti àdá, àwọn mìíràn ń rọ ìbọn ọdẹ. Àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù da ìkòkò ọbẹ̀ wà níbẹ̀, ìkòkò wọn sì wà ní ilé ìdáná púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Nítorí náà, yíyọ́ irin kì í ṣe ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ara wa: bàbà le ju alumíníọ̀mù lọ. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní dígírì 660, bàbà fẹ́ dígírì 1,085. Bó bá sì yọ́ tán, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ mu, ó sì lè ní ihò nínú bí búrẹ́dì. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ mọ ìyọnu yìí. Púpọ̀ nínú orí tí wọ́n dà, idẹ ni, ìyẹn bàbà tí a po nǹkan mìíràn mọ́ kó lè ṣàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbòjú tí a ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi dà á, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń yanu wò ó di òní, nítorí ó lé ní 600 ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó ní ọmọ Yorùbá kò lè da bàbà, kó lọ wo ojú yẹn kó tó tún sọ̀rọ̀.

Ìṣòro kejì ni ìmọ́tótó. Wáyà iná kì í fẹ́ àdàlù rárá. Irin díẹ̀, tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ tó ṣubú sínú rẹ̀, iná kò ní gbà á kọjá dáadáa mọ́. Bàbà tí a kó jọ lára fáànù, lára rédíétọ̀ àti lára páìpù, tí a kàn yọ́ pọ̀ sínú ìkòkò kan, a lè fi ṣe nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fọ̀ ọ́ ni. Wọ́n á dà á sí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á fi iná sí i, bàbà mímọ́ á ṣí kúrò lára àwo yìí lọ lẹ̀ mọ́ èkejì, ìdọ̀tí á sì rọ̀ sísàlẹ̀, títí á fi di bàbà tó mọ́ tó ìdá 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀pá tó nípọn tó mílímítà 8, tí wọ́n á fi máa fà á gba ojú ihò kan bọ́ sí òmíràn tó kéré jù ú lọ, títí á fi tín-ín-rín bí irun. Iṣẹ́ yìí ń gba iná tí kì í lọ, ó sì ń gba owó ńlá. Ẹnikẹ́ni tó bá gorí pèpéle ní Ṣakí tó ní òun á kọ́ irú ilé-iṣẹ́ yìí láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, kí ẹ má sì gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tí kò tó bẹ́ẹ̀ tóbi, tó sì wà ní ìka ọwọ́ wa. Ẹ mú lọ́ọ̀gì, imú wáyà tí a wí lẹ́ẹ̀kan. Kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Páìpù bàbà ni. Wọ́n á gé e ní ìwọ̀n ìka kan, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ apá kan rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á rì í sínú tánganran yíyọ́ kó má baà dípẹtà. Ó parí. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ẹnu ìbọn kò ní rí i bí ohun ìyanu. Ọ̀pá pẹlẹbẹ inú àpótí iná ńkọ́? Gígé, lílu ihò, títẹ̀ ni. Kọ́ìlì ẹ̀rọ omi kànga àti ti ínfátà ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tó ń rìwáyà fáànù àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá títì ń ṣe é báyìí, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti igi tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń kà á lẹ́nu, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, títí dé ẹgbẹ̀rún. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ títẹ̀, bàbà tó mọ́ tí wọ́n lè rà lọ́pọ̀ ní owó ilé-iṣẹ́, àti ibi tí wọ́n ti máa yẹ iṣẹ́ wọn wò kí òǹtẹ̀ tó wọ ara rẹ̀. Nítorí pé lọ́ọ̀gì tí kò ní òǹtẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ìjọba kò ní rà á, á ní ti ilẹ̀ Ṣáínà lòun fẹ́.

Ohun mẹ́ta yìí kò ju agbára ìpínlẹ̀ lọ. Ilé-ìwé gíga gbogboǹṣe Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, ó sì ti dá dúró kúrò lábẹ́ ti Ìbàdàn. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò síbẹ̀, kí ẹni tó bá ra wáyà ní Tédé tàbí Àgọ́-Àmọ̀dú lè gbé e wá, kí wọ́n sọ fún un bóyá ojúlówó ni. Kí àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn arìwáyà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó lè ra bàbà pa pọ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì ṣe onídùúró fún wọn. Oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù á lè ta bàbà rẹ̀ níbí, wọ́n á ṣà á, wọ́n á yọ ike rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ dípò kí wọ́n sun ún sí imú ọmọdé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gba ọ̀pá bàbà padà. Ọjà Parakou kò sì jìnnà sí wa. Ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé kẹ́ẹ̀gì epo gba ọ̀nà Òkèrètè lóru, tí ìyá rẹ̀ kì í sùn, ó lè gbé páálí lọ́ọ̀gì gba ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí tiransfọ́mà tú náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, àwọn ìlú mìíràn ti fojú rí i: ìlú á dáwó ra tiransfọ́mà, láàárín òru ẹnì kan á tú inú rẹ̀, á fa epo rẹ̀, á kó kọ́ìlì bàbà lọ, ìlú á wà lókùnkùn. Olè ni, kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n olè kò lè jẹ bàbà. Ẹnì kan ló ń rà á. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní kí gbogbo ẹni tó ń ra bàbà máa kọ orúkọ ẹni tó tà á àti ibi tó ti rí i sínú ìwé, ọjà olè á nira. A ti wí i ní ìpàdé láìmọye ìgbà. Owó orí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà lọ́wọ́ oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù.

A ò lè sọ̀rọ̀ bàbà àti iná ní Òkè-Ògùn ká má dárúkọ ìdídò Ìkéré. Ní 1831 ni Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi han gbogbo ayé pé bí bàbà àti òòfà bá ń yí lára ara wọn, iná á jáde. Ìyẹn nìkan ni ìdídò tó ń fúnni ní iná ń ṣe: omi ń ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń yí, kọ́ìlì bàbà ń kó iná. Ní 1983, ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdídò Ìkéré lórí odò Ògùn ní ilẹ̀ Ìsẹ́yìn. Omi mílíọ̀nù 690 mítà alápòótí ni wọ́n ṣe é láti gbà. Iná ni wọ́n ní á máa fúnni, oko hẹ́kítà 12,000 ni wọ́n ní á máa bomi rin. Ní ìparí ọdún náà gan-an, àwọn ológun gbàjọba, iṣẹ́ dúró. Wọ́n tún mú un lẹ́yìn náà. Omi dúró lóòótọ́, ó kún, apẹja ń pa ẹja níbẹ̀. Iná ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìsẹ́yìn ní 1983 ti lé ní 40 ọdún, ó ti ní ọmọ tirẹ̀, kò tíì fi iná Ìkéré lọ aṣọ rí. Gbogbo ìjọba àpapọ̀ tó ti jẹ láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, a ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́.

Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ á ní, "Ọwọ́ Àbújá ni iná wà, kí la fẹ́ ṣe?" Àwáwí yẹn ti tán. Ní March 2023 wọ́n tún ìwé òfin Nàìjíríà ṣe, ní June ọdún kan náà òfin iná mànàmáná tuntun jáde. Ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, kó gbé e, kó pín in nínú ilẹ̀ tirẹ̀. Báńkì Àgbáyé náà fọwọ́ sí àádọ́ta-lé-lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin mílíọ̀nù dọ́là, ìyẹn $750 mílíọ̀nù, ní December 2023 fún iná sóláà ní àwọn ibi tí iná ìjọba kò dé ní Nàìjíríà. Owó yìí yóò ra bàbà. Páńẹ́ẹ̀lì á wọlé, kébù á wọlé, lọ́ọ̀gì á wọlé nínú páálí. Bí a bá jókòó, ohun tí àwọn ọmọ wa á rí nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ aláàárù ọjọ́ méjì, gbígbẹ́ ihò òpó àti ríru páńẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí nìyí, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè mú un dání: pé kí ibi àyẹ̀wò wáyà àti bàbà wà ní Ṣakí, pé nínú gbogbo iṣẹ́ sóláà tí ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ bá fi owó ìlú ṣe ní Òkè-Ògùn, kí wáyà rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, kí lọ́ọ̀gì àti àpótí ìpíná rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe níbí bó bá ti yege nínú àyẹ̀wò, pé kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà fún ẹni tó ń ra bàbà àlòkù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiwa gan-an ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀gì, pé ìrẹsì àti àǹkárá ni kí a pín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ìpàdé tí àwọn olùdíje bá pè láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ ìbò, ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèihò, ní Ṣakí, ní Kìṣí, ẹ fi ọ̀bẹ kékeré kan àti ìwọ̀n wáyà kan sínú àpò. Bí olùdíje bá ní òun á fún yín ní iná sóláà, ẹ dìde, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ họ wáyà náà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló máa ṣe wáyà tìrẹ, ibo ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, èló nínú owó rẹ̀ ló máa sùn ní Òkè-Ògùn? Bó bá jẹ́ olùdíje ẹgbẹ́ tiwa ni, ẹ má ṣe fi mọ sí mẹ́ta, ẹ bi í ní márùn-ún.